Ara Aláìsàn Kì Í Ṣe Ìwé Lásán: Ìmúrasílẹ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn ní Abidjan ní Ojú Ẹ̀kọ́ Ìsìlàámù

Ìfáàrà

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí Ó sọ àìsàn kalẹ̀ tí Ó sì sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ní ìlú Abidjan, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa ń kọ́kọ́ fi ọdún mélòó kan kàwé nípa ara ènìyàn kí ó tó di pé a rán an lọ sí ẹ̀bá ibùsùn aláìsàn. Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1964, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ Félix Houphouët-Boigny láti ọdún 2012, ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́, bí i ti Treichville àti ti Cocody. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin náà yóò wọ ẹ̀wù funfun, tí yóò sì dúró lórí ẹni tí ó ń mí, tí ó ń jẹ̀rora, tí ó sì ń wo ojú rẹ̀. Ìwé kì í woni lójú. Ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ìyá àgbà kan tí ó ti Ẹ̀jìgbò wá sí Abidjan ní ìgbà èwe rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí ará ìlú ń pè ní Ànàgó. Ó ti fi ogójì ọdún tajà ní Adjamé. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Jùlá tí a ń ná ọjà, ṣùgbọ́n Faransé rẹ̀ kò ju èyí tí a fi ń ka owó lọ. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, wọ́n sì gbé e dé ilé-ìwòsàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá dókítà dé pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ. Wọ́n ká aṣọ kúrò lára rẹ̀, wọ́n ń sọ Faransé lórí rẹ̀, ọwọ́ mẹ́jọ sì tẹ ikùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó ń dùn ún gan-an. Kò sí ẹni tí ó kí i. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, Mùsùlùmí tí ó ń kírun rẹ̀ lákòókò. Òun ìbá lè sọ pé, “Ẹ káàárọ̀, màmá.” Ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ Yorùbá níwájú ọ̀gá.

Àpèjúwe ni èyí, a kò fi kan ilé-ìwòsàn kankan. Ìbéèrè tí ó gbé dìde ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí á fi ara ẹni tí ó wá gba ìwòsàn kọ́ iṣẹ́? Bí ó bá tọ́, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ jẹ aláìsàn náà ní gbèsè, tí ó yẹ kí ó ti mọ̀ kí ó tó wọ wọ́ọ̀dù?

Ìdí tí ẹ̀kọ́ náà fi tọ́

Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń kọ́ láìfọwọ́kàn. Ọmọ-iṣẹ́ aránṣọ ń ba aṣọ jẹ́ kí ó tó mọ̀ ọ́n rán. Ṣùgbọ́n ọmọ-iṣẹ́ onígbàjámọ̀ orí ènìyàn ni ó fi ń kọ́ṣẹ́, ọmọ olóòlà sì ni ti ara ọmọ-ọlọ́mọ. Aṣọ kò mọ ìrora. Ara mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, bí a bá sọ pé kí ọmọ olóòlà má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ní ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá kú, iṣẹ́ náà kú nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìṣègùn rí. Imam al-Ghazālī, nínú ìwé rẹ̀ Iḥyā' 'Ulūm al-Dīn, ka ìmọ̀ ìṣègùn mọ́ farḍ kifāyah, èyíinì ni ọ̀ranyàn tí ó wà lọ́rùn gbogbo àwùjọ títí àwọn kan nínú wọn yóò fi ṣe é. Ohun tí ọ̀ranyàn kò lè ṣe láìsí rẹ̀, òun náà di ọ̀ranyàn. Ìtàn àwọn Mùsùlùmí ìgbàanì sì jẹ́rìí sí i. Ibn al-Nadīm sọ nípa Abū Bakr al-Rāzī pé ó máa ń jókòó, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò tò níwájú rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Aláìsàn yóò kọ́kọ́ bá àwọn tí ó jìnnà jù lọ sọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá mọ ohun tí ó ń ṣe é, yóò kọjá sọ́dọ̀ àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn, títí tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dé ọ̀dọ̀ al-Rāzī fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé nínú ètò yìí, ẹni tí ó mọ̀ jù lọ ni ó ń parí ọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n àìmọ̀ rẹ̀ kò ní kí aláìsàn padà sílé láìrí ìwòsàn. Nígbà tí ètò bẹ́ẹ̀ kò sí, ewu ń bẹ. Àwọn òpìtàn ròyìn pé ní ọdún 931, aláìsàn kan kú ní Baghdad nítorí àṣìṣe oníṣègùn. Khalifa al-Muqtadir pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìṣègùn mọ́ àyàfi ẹni tí Sinān ibn Thābit bá dán wò tí ó sì yege. Àwọn tí a dán wò nígbà náà lé ní 800.

A lè sọ nígbà náà pé ipò dandan, ḍarūrah, ni ó sọ ẹ̀kọ́ yìí di ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fíkíhì ni ó mọ̀ pé ohun tí ipò dandan bá ṣí sílẹ̀, ìwọ̀n ipò dandan náà ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ebi fẹ́ pa tí ó jẹ òkúǹbete kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ yó bí ẹni tí ó ń jẹ àsè. Bẹ́ẹ̀ ni òkú tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́: hádíìsì tí Abū Dāwūd gbà wá kọ́ wa pé ọ̀wọ̀ egungun òkú dà bí ọ̀wọ̀ egungun alààyè, àwọn onímímọ̀ òde òní tí wọ́n sì yọ̀ǹda gígé òkú fún ẹ̀kọ́ fi májẹ̀mú púpọ̀ sí i. Bí òkú bá ní ọ̀wọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni kí á wí nípa alààyè?

Ta ni ó ń ru ẹrù náà?

Ọ̀ràn kan wà níhìn-ín tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Ọ̀ranyàn náà wà lọ́rùn gbogbo wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni ó ń san owó rẹ̀. Ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ ní Abidjan lè gba ilé-ìwòsàn aládàáni lọ, ó sì lè wọ bàálù lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí kò ní ni ó ń dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù gbogboogbò, ara tirẹ̀ sì ni ọwọ́ tí kò tíì mọṣẹ́ kọ́kọ́ ń kàn. Nígbà tí ọwọ́ náà bá wá mọṣẹ́ tán, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹni tí ó lówó ni yóò máa tọ́jú.

Èyí kò sọ ẹ̀kọ́ náà di èèwọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ di gbèsè. Ìyá oníṣòwò yẹn ń ṣe ọrẹ tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rò pé òun ni òun ń ṣe aláìsàn lóore ti ṣì í mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, òun ni a ṣe lóore.

Ìyọ̀ǹda

Nínú Súrà al-Nūr, āyah 27 àti 28, Ọlọ́hun kọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ láti wọ ilé tí kì í ṣe tiwọn láìtọrọ ìyọ̀ǹda láìsí sálámà. Bí a bá sì sọ fún wọn pé kí wọ́n padà, kí wọ́n padà. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì kọ́ wa pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń tọrọ rẹ̀. Bí kò bá sí ìdáhùn, kí á yípadà.

Ní èrò tiwa, ìfiwéra tí ó yè kooro ni kí á gbé òfin yìí wá sí ẹ̀bá ibùsùn. Bí ilé tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ bá ní ọ̀wọ̀ yìí, ara tí Ọlọ́hun mọ fúnra Rẹ̀ ni ó yẹ jù. Ohun mẹ́ta sì tinú rẹ̀ jáde. Èkíní, ìkíni ṣáájú ìfọwọ́kàn. Èkejì, ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ jẹ́ ní èdè tí onílé gbọ́. Ẹni tí a fi Faransé tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó mi orí lásán kò tíì yọ̀ǹda ohunkóhun. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó bá kọ̀ kò ṣẹ̀. Bí ó bá ń bẹ̀rù pé wọn kò ní tọ́jú òun mọ́ bí òun bá kọ̀, ìyọ̀ǹda rẹ̀ kò pé. Nítorí náà ó yẹ kí á sọ ọ́ fún un kedere pé ìtọ́jú rẹ̀ kò so mọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Kì í ṣe àwa Mùsùlùmí nìkan ni a mọ èyí. Òfin ilẹ̀ Faransé ti oṣù kẹta ọdún 2002 sọ pé a gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda aláìsàn kí á tó fi àyẹ̀wò ara rẹ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì sọ pé kí á ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ aláìsàn ṣáájú. Síbẹ̀, ní ọdún 2015, ariwo ńlá sọ ní ilẹ̀ náà nípa àwọn obìnrin tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ abẹ́ wọn wò nígbà tí wọ́n wà nínú oorun iṣẹ́ abẹ, láìjẹ́ pé wọ́n yọ̀ǹda. Òfin wà nínú ìwé fún ọdún mẹ́tàlá kí ariwo tó sọ. Òfin nìkan kì í ṣe ìmúrasílẹ̀. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí aláìsàn bá ń sùn.

Ojú, ọwọ́ àti ẹnu

Al-Rubayyi' ọmọ Mu'awwidh (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), gẹ́gẹ́ bí al-Bukhārī ṣe gbà á wá, ròyìn pé àwọn obìnrin máa ń bá Ànábì lọ sójú ogun, tí wọ́n ń fún àwọn jagunjagun lómi, tí wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Látàrí èyí, ìtọ́jú láàárín ọkùnrin àti obìnrin kì í ṣe ohun àjèjì nígbà tí ó bá di dandan. Ìgbìmọ̀ Fíkíhì Àgbáyé tí ó wà ní Jidda ṣe àlàyé rẹ̀ ní ìpàdé rẹ̀ kẹjọ ní Brunei ní ọdún 1993: kí obìnrin tọ́jú obìnrin bí ó bá wà, bí ọkùnrin ni yóò tọ́jú rẹ̀, kí ó má wò ju ibi tí àìsàn béèrè lọ, kí ó sì má dá wà pẹ̀lú rẹ̀. Tí a bá fi èyí wọn ti akẹ́kọ̀ọ́, ìwọ̀n rẹ̀ tún gbọ́dọ̀ kéré sí i, nítorí pé dókítà ń wò kí ó lè wo ọ́ sàn, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wò kí ó lè mọ̀. Ibi tí ọwọ́ méjì bá tó láti kọ́ ẹ̀kọ́, ọwọ́ mẹ́jọ jẹ́ àṣejù.

Ìpàdé kan náà ni ó sọ̀rọ̀ lórí àṣírí ìṣègùn pé àmáánà ni. Lónìí, tí fóònù wà lápò gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, tí a sì lè ya àwòrán ọgbẹ́ kí á fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp kí ọ̀gá tó yí ẹ̀yìn padà, ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo ju bí ó ti rí ní ọdún 1993 lọ. Ní àwùjọ Ànàgó Abidjan, níbi tí ẹbí, ará ìlú àti aráa mọ́sálásí ti mọ ara wọn, àṣírí tí ó bá já ní wọ́ọ̀dù lè dé Ẹ̀jìgbò kí aláìsàn tó délé.

“Èmi kò mọ̀”

Hádíìsì kan wà nínú àkójọ Abū Dāwūd, al-Nasā'ī àti Ibn Mājah tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìṣègùn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ́ ìmọ̀ rẹ̀ ni yóò dáhùn fún ohun tí ó bá bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá jẹ́ kí aláìsàn máa pe òun ní dókítà láìtún un sọ ti ń gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwa tí ó ń tẹ̀ lé ìlànà Imam Mālik ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìbéèrè ni ó fi “èmi kò mọ̀” dá lóhùn, iyì rẹ̀ kò sì dínkù. Abèèrè kì í ṣìnà.

Láti inú èyí ni ojúṣe àwọn olùkọ́ ti wá. Ní ọdún 2012, ìròyìn tí àjọ ìlera ìjọba Faransé gbà jáde gbé e kalẹ̀ bí àfojúsùn pé kí ìgbà àkọ́kọ́ má ṣe jẹ́ lára aláìsàn láéláé: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gún ère rọ́bà lábẹ́rẹ́ kí ó tó gún ènìyàn. Ohun tí a bá lè fi rọ́bà kọ́, ipò dandan ti kúrò níbẹ̀. Kò sì sí ẹ̀tọ́ mọ́ láti fi ìrora ẹlòmíràn kọ́ ọ.

Àtakò àti ìdáhùn

Ẹnì kan lè wí pé: “Bí a bá ń tọrọ ìyọ̀ǹda, gbogbo aláìsàn ni yóò kọ̀, a kò sì ní ní dókítà lọ́la.” Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé àwọn kan yóò kọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè pàdánù ohun tí ìbá kọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó nílò ìmọ̀ ni ó yẹ kí ó san owó ìdúró, kì í ṣe ẹni tí ó wà nínú ìrora. Ní ti pàjáwìrì, ẹ̀mí ni a ń gbà là, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni a ń kọ́.

Ẹlòmíràn yóò wí pé akẹ́kọ̀ọ́ kò láṣẹ níwájú ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ ni. Kò lè yí ètò wọ́ọ̀dù padà. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá tí ó kọ̀ fún un láti kí ènìyàn, láti sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun, láti fa aṣọ bo ibi tí a ti wò tán, àti láti ṣe ògbufọ̀ fún ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀. Ohun tí agbára rẹ̀ ká ni Ọlọ́hun yóò bi í.

Ìkádìí

A gbà pé ẹ̀kọ́ lẹ́bàá ibùsùn jẹ́ ẹ̀tọ́ nítorí ipò dandan, pé ipò dandan ní ìwọ̀n, àti pé aláìsàn ni olóore akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn imam àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ní Abidjan jókòó ti àwọn ọmọ wa kí wọ́n tó wọ wọ́ọ̀dù: kí wọ́n kọ́ wọn ní òfin ìyọ̀ǹda, ìwọ̀n ojú àti ọwọ́, ìpamọ́ àṣírí, àti bí a ti ń sọ pé a kò mọ̀. Kí wọ́n sì sọ fún wọn pé èdè ìyá wọn jẹ́ ohun èlò ìwòsàn, kì í ṣe ohun ìtìjú.

Bí ìyá yẹn bá tún dùbúlẹ̀ níbẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ náà sì kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀ tí ó wí pé, “Ẹ káàárọ̀, màmá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, n kò tíì di dókítà. Ṣé ẹ ó gbà kí n fọwọ́ kan ikùn yín?”, ìrora rẹ̀ kò ní tìtorí èyí lọ. Ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé a bi òun. Bí ó bá sì sọ pé, “Dúró ná, ọmọ mi, ó ń dùn mí,” kí ó dúró.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní, kí Ó sì fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.