Ẹ̀bi Ẹni Tó Yè: Ohun Tí Ogbè Ògúndá àti Ọ̀sá Òtúrá Wí

Ìbéèrè kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹni tó bọ́ nínú ìpakúpa rí oorun sùn: kí ló dé tó jẹ́ èmi ni mo yè? Bó bá bímọ, ọmọ náà á tún jogún tirẹ̀: ta ló ní kí n máa fi ikú àwọn èèyàn wa pìtàn, kí n sì máa gbowó, kí n máa gba oríyìn lórí rẹ̀? Ìbéèrè méjèèjì ni Art Spiegelman, ará Amẹ́ríkà, kó sínú Maus, ìwé aláwòrán tí apá kìíní rẹ̀ jáde lọ́dún 1986, tí èkejì sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1991. Vladek bàbá rẹ̀ àti Anja ìyá rẹ̀ jẹ́ Júù ilẹ̀ Pólàǹdì. Àwọn méjèèjì dé àgọ́ ikú Auschwitz, wọ́n sì yè, nígbà tí ìjọba Hitler pa Júù bíi mílíọ̀nù mẹ́fà. Nínú ìwé náà, eku ni Júù, ológbò ni Jámánì. A mú ìbéèrè náà wá sídìí Ifá nítorí pé Ṣàgámù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ náà ní òru ìpakúpa tirẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀.

Nínú àwọn odù Ifá, Ogbè Ògúndá ló kọ́kọ́ fèsì. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ilé Àjàlá tó ń mọ orí ni wọ́n ń lọ, kí kálukú lọ mú tirẹ̀. Àwọn àgbà kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ yà síbì kankan. Àwọn méjì pa àṣẹ mọ́. Afùwàpẹ́ gbọ́ ìró Ifá nílé bàbá rẹ̀, ó yà. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó fi owó àti iyọ̀ rúbọ, wọ́n sì ní kó mú díẹ̀ dání nínú rẹ̀.

Àwọn tó ṣáájú ò bá Àjàlá nílé. Wọ́n mú orí tó wù wọ́n, amọ̀ tí kò tíì jiná. Òjò bá wọn lọ́nà, orí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wẹ́wẹ́ títí wọ́n fi dé ayé. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí i fún un. Oníbodè tọ́ ọ wò, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ló bá tú àṣírí Àjàlá fún un: ajigbèsè ni, òkè àjà ló máa ń sá sí bí olówó bá dé. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọ̀pá irin dán orí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi bá a mú èyí tó jiná.

Bí a ṣe sábà ń túmọ̀ ẹsẹ yìí ni pé ẹbọ ló gbe Afùwàpẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn méjì yòókù? Wọn ò jalè, wọn ò purọ́, ọ̀rọ̀ àgbà ni wọ́n gbọ́. Ẹni tó tàpá sí àṣẹ gan-an lorí rẹ̀ dára. Nígbà tí wọ́n sì ń sunkún pé àwọn ò mọ ibi tí Afùwàpẹ́ ti yan orí tirẹ̀, èsì tí wọ́n gbà ni pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti yàn án, kádàrá ni kò dọ́gba. Kò síbi tí ẹsẹ náà ti pe àwọn méjì ní ẹni ibi, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí Afùwàpẹ́ máa yangàn.

Iyọ̀ tí Vladek mú dání ni èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Pólàǹdì kan tó jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń wá ẹni tí yóò kọ́ òun. Vladek gbọ́ ọ, ó fi rí oúnjẹ jẹ, ó sì fi rí bàtà tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ó tún ṣe iṣẹ́ páànù, ó ṣe ti bàtà. Ṣùgbọ́n Richieu àkọ́bí rẹ̀ ńkọ́, ọmọdé tí wọ́n gbé pamọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀? Nígbà tí àwọn Jámánì fẹ́ wá kó wọn lọ sí Auschwitz, obìnrin náà fún àwọn ọmọ ní májèlé, òun náà sì gbé e jẹ. Ìwà wo ni ọmọdé hù? Pavel, dókítà tí Spiegelman ń lọ bá, tí òun náà yè bọ́ ní àgọ́, sọ fún un pé yíyè kì í ṣe ẹ̀san ìwà rere, kíkú kì í sì í ṣe ẹ̀san ìwà burúkú. Ohun tí Ogbè Ògúndá wí nìyẹn. Ẹni tó yè kò jí ẹ̀mí ẹnì kankan.

Ó wá ku ẹ̀bi apìtàn. Nínú apá kejì ìwé náà, Spiegelman ya ara rẹ̀ níbi tó jókòó ti tábìlì ìyàwòrán, ó de ojú eku mọ́ ojú ara rẹ̀, eṣinṣin ń kùn yí i ká. Ìwé ti tà, àwọn oníṣòwò ti ń dé pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Lábẹ́ tábìlì, òkú ni wọ́n kó jọ gegere.

Ọ̀sá Òtúrá ló mú ọ̀rọ̀ èyí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bi Ọ̀rúnmìlà pé kí ni òtítọ́, tó sì dáhùn pé òtítọ́ ni alákòóso tí ojú kò rí, tó ń tọ́ ayé. Ifá ní ẹni tó bá ń ṣòótọ́ ni irúnmọlẹ̀ ń gbè. Kò ní kí apìtàn kọ́kọ́ jẹ́ ẹni mímọ́ kó tó lanu. Ohun tó béèrè ni pé kó sọ ọ́ tán, títí kan èyí tó bà á nílé. Spiegelman sọ ọ́ tán. Ó kọ ọ́ pé ahun ni bàbá òun. Ó kọ ọ́ pé lẹ́yìn tí Anja gbẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́dún 1968, Vladek dáná sun àwọn ìwé tí Anja fi kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, òun sì pe bàbá òun ní apànìyàn nítorí rẹ̀. Ó tún kọ ọ́ pé nígbà tí ìyàwó òun gbé aláwọ̀ dúdú kan sínú ọkọ̀, bàbá òun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹ̀gàn sí i. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa nítorí ẹ̀yà rẹ̀ ń fi ẹ̀yà ẹlòmíràn bú u. Apìtàn tó bá fẹ́ pọ́n bàbá rẹ̀ lé nìkan ì bá yọ ìyẹn kúrò.

Ó wá kàn wá, àwa ará Rẹ́mọ. Ìlú àwọn tó yè ni Ṣàgámù fúnra rẹ̀: ogun ló kó àwọn ìlú Rẹ́mọ jọ síbẹ̀ lọ́dún 1872, kí wọ́n lè gba ara wọn sílẹ̀. Nígbà tó yá, gbànja fa àwọn Haúsá wá. Wọ́n dó sí àdúgbò Sábó, wọ́n ń ṣa obì, wọ́n ń kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú, ọkọ̀ ń gbé e lọ sókè ọya. Ní oṣù Keje ọdún 1999, lásìkò ọdún Orò, tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ jáde lóru, wọ́n pa obìnrin Haúsá kan tí wọ́n ní ó jáde lóru Orò. Ìjà dé, iná sọ. Ìròyìn ìgbà náà ní àwọn tó kú lé ní 50. Kò pẹ́ tí ẹ̀san fi bẹ̀rẹ̀ ní Kano, níbi tí wọ́n ti pa àwọn Yorùbá tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ohunkóhun nípa ìjà Ṣàgámù.

Kò tó ohun tí à á fi wé Auschwitz, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló fi sílẹ̀, ẹnu méjì la sì fi ń ròyìn rẹ̀. Lẹ́nu tiwa, ẹ̀gbin tí wọ́n ṣe sí Orò ló máa ń ṣáájú. Lẹ́nu Sábó, òkú obìnrin náà ló máa ń ṣáájú, ti Kano a sì dọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí Ọ̀sá Òtúrá bá ni odù ìtàn yìí, ọmọ Rẹ́mọ tó fẹ́ kọ ọ́, ìbáà jẹ́ ní àwòrán ìbáà jẹ́ ní ọ̀rọ̀, orí obìnrin náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Sábó ní tirẹ̀ yóò ka òkú Kano mọ́ òkú.

Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ lọ́dún náà ti lé lógójì báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ nítorí pé òun yè tí aládùúgbò òun kú, Ogbè Ògúndá ti dá a láre, kó sọ̀rọ̀. Ẹni tó dákẹ́ nítorí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe lóru ọjọ́ náà, tiẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Òun gan-an ni Ọ̀sá Òtúrá ń bá wí, òun ló sì yẹ kó kọ́kọ́ lanu.