Ṣé ó burú kí ọmọ Ìbàdàn máa jẹ́ Yuki?

Lónìí mi ò ní túmọ̀ ẹsẹ Ifá kankan. Ìbéèrè kan ló ń jẹ mí lọ́kàn: ṣé ó burú kí òbí fún ọmọ ní orúkọ tí kì í ṣe ti ìran rẹ̀, torí pé ìtumọ̀ rẹ̀ wù ú? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń dáhùn báyìí pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ló wà nílé ńkọ́?

Orúkọ àwọn ará Japáànì ni wọ́n ń mú wá sọ́dọ̀ wa báyìí. Fíìmù àwòrán tí àwọn ọ̀dọ́ ń wò lórí fóònù ló fà á. Wọ́n á rí orúkọ àti ìtumọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Hana ni òdòdó, Yuki ni òjò dídì. Ó tán. Àmọ́ kò tán lọ́dọ̀ àwọn tó ni orúkọ. Àmì tí wọ́n bá fi kọ ọ́ ló ń gbé ìtumọ̀. Bí wọ́n bá fi àmì kan kọ Yuki, òjò dídì ni. Bí wọ́n bá fi òmíràn kọ ọ́, oríire ni. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu lásán kò lè mọ èyí tí òbí ní lọ́kàn. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ kọ Ojo láì fàmì sí i kí ẹ wò ó: ṣé Òjó ni, ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, àbí òjò tó ń rọ̀, àbí ojo tó ń sá fún ìjà? Bẹ́ẹ̀ sì ni a ṣe ń kọ orúkọ ọmọ wa sínú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni ọjọ́ ìkómọ. Alùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tó jáde ní 1921, pé ọjọ́ kẹsàn-án là ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Ní Japáànì náà, alẹ́ ọjọ́ keje ni ìsọmọlórúkọ, Oshichiya ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n bí Aiko, ọmọ ọba wọn, ní December 2001, inú ẹ̀kọ́ Mencius, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà àtijọ́, ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Ai ni ìfẹ́, ko ni ọmọ. Ẹ ò rí i pé àwọn náà ń wo ilé, bí àwa ṣe ń wo odù tó jáde fún ọmọ.

Wàyí o, ìyàwó kan tó ń ta fóònù níbí ní Ìwó Road wá pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀. Ọmọ tuntun, obìnrin, pé ọjọ́ márùn-ún. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ kò lo oṣù mẹ́ta láyé. Ìyá àgbà ti mú Málọmọ́ dání láti ilé. Ìyàwó ní Yuki lòun fẹ́.

"Òjò dídì kẹ̀? N'Ìbàdàn?"

"Màámi, ẹ má bínú. Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Bí ẹ bá ti ń pe Málọmọ́, èyí tó lọ ni màá máa gbọ́. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa gbé òkú kiri."

N ò rí èsì fọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn baba wa tó ń sọ ọmọ ní Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Àkísàtán, wọn kì í ṣe ìkà. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà náà. Orúkọ wà lára ohun ìjà tí wọ́n ní. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dúró, tó dàgbà, tó hu ewú, ẹ̀bẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi omijé bẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ṣì ń pè é. Ta ni orúkọ yẹn wà fún? Nínú ẹsẹ Ifá, orúkọ awo máa ń jẹ́ odindi gbólóhùn, bẹ́ẹ̀ lorúkọ tiwa náà ṣe máa ń ròyìn. Mi ò gbà pé gbogbo ìròyìn ilé ló yẹ ká dì rù ọmọ tuntun.

Mi ò parọ́ mọ́ Ifá fún wọn. Mi ò mọ ibi tí Ifá ti ní Yuki jẹ́ èèwọ̀, n ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn bi ìyá àgbà pé, "Oríkì ọmọ ńkọ́?" Wọn ò tíì rò ó.

Ẹ gbọ́ mi o. Àjọkẹ́: ẹni tí a jọ kẹ́. Àbẹ̀kẹ́: ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Àṣàkẹ́, Àníkẹ́. Kò sí òkú níbẹ̀, kò sí gbèsè, kò sí ìjà orogún. Málọmọ́ ń pàṣẹ fún ọmọ. Ẹni tó ń pe ọmọ ni Àjọkẹ́ ń pàṣẹ fún. Ohun tí ìyàwó yẹn rò pé òun á lọ rí ní Japáànì, inú oríkì ló wà, a kàn ń jẹ́ kó parẹ́ ni. Àwọn ará Japáànì náà ń rí irú rẹ̀: ko tó máa ń parí orúkọ ọmọbìnrin wọn láyé àwọn ìyá àgbà ti dínkù gan-an.

Àjọkẹ́ ni wọ́n fi owó sí abọ́ pè ní ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n pe Yuki náà. Ìyá àgbà pe tirẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo gbọ́, mo dákẹ́.

Àwọn kan ti bínú sí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní mo ń ba àṣà jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wà tó jẹ́ pé Fábùnmi ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, òun ti sọ tiẹ̀ di Jésùbùnmi. Mo bi í pé kí ló wò kó tó yí i padà. Ó ní ilé ni. Mo ní, ilé ta? Kò tíì dá mi lóhùn.