Àwọn Tí Ó Dúró Lókèèrè

Bíbélì kíkà: Lúùkù 15:11-24, 18:9-14, 22:54-62, Éfésù 2:11-18.
Àkọ́sórí: Éfésù 2:13.
Ète ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù wa lè mọ irú òkèèrè tí òun wà, kí ó sì padà, kí kíláàsì wa sì lè jáde lọ pàdé àwọn tí ó jìnnà.

Ọ̀RỌ̀ ÀKỌ́SỌ

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lé. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí a tẹ̀ ní 1611, ọ̀rọ̀ náà ni "afar". Nínú Bíbélì Yorùbá, a rí i bí "òkèèrè". Níbòmíràn a rí i bí "jìnnà réré". Ẹni tí ó bá kà á kíákíá yóò rò pé ọ̀rọ̀ ìrìnàjò lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni Bíbélì fi ọ̀rọ̀ yìí júwe, kì í sì í ṣe ohun kan náà ni ó gbé gbogbo wọn dé òkèèrè.

1. KÍ NI ÒKÈÈRÈ?

Èkínní, òkèèrè jẹ́ ti ọ̀nà. Bí ará Ìṣùà bá lọ ná ọjà Ìkàrẹ́, tí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́, a kì í sọ pé ó lọ sí òkèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn bàbá wa kó ẹrù wọn kúrò ní Àkókó lọ sí oko kòkó ní apá Oǹdó, tí ó sì ń pẹ́ kí ẹlòmíràn nínú wọn tó wá ilé, ará òkèèrè ni wọ́n dà.

Èkejì, òkèèrè jẹ́ ti àkókò. Àwọn àgbà a máa sọ pé òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Kì í ṣe ilẹ̀ jíjìn ni wọ́n ń sọ. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹni tí omijé rẹ̀ ní ọ̀nà gígùn láti rìn, kí ó tètè bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hébérù 11:13 kọ́ wa pé Ábúráhámù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú kí ìlérí tó ṣẹ, síbẹ̀ ojú ìgbàgbọ́ wọn ti rí i.

Ẹ̀kẹta, òkèèrè jẹ́ ti ọkàn. Ènìyàn méjì lè jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ju Èkó lọ. Fóònù lè mú ohùn ọmọ wá sí etí ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ọkàn ọmọ náà má sì sí nílé. Òkèèrè yìí ni ó burú jù, nítorí kò sí mọ́tò tí ó ń gbé ni kúrò níbẹ̀.

2. ẸNI MẸ́TA TÍ Ó WÀ LÓKÈÈRÈ

(a) Ọmọ onínàákúnàá. Kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó lé e. Ó gba ogún rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó sì lọ sí ibi tí ojú bàbá kò ní tó o. Ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni ó gbé e lọ. Ebi ni ó kọ́ ọ ní ọ̀nà ilé. Ọ̀rọ̀ wa yìí jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú ìtàn náà. Lẹ́ẹ̀kínní, ọmọ ni ó ń lọ sí òkèèrè. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ń bọ̀, kò tí ì súnmọ́ ilé, bàbá sì ti rí i. Ojú ta ni ó lè rí ènìyàn lókèèrè bẹ́ẹ̀? Ojú ẹni tí ó ń wo ọ̀nà ni. Àgbàlagbà náà sì sáré. Àgbà kì í sáré lásán. Ìfẹ́ ni ó ń lé bàbá yìí.

(b) Agbowó òde. Inú tẹ́ḿpìlì gan-an ni òun wà, síbẹ̀ ó dúró lókèèrè. Ìtìjú ẹ̀ṣẹ̀ kò jẹ́ kí ó sún síwájú. Farisí ní tirẹ̀ ń ka iṣẹ́ rere ara rẹ̀ fún Ọlọ́run. Nínú àwọn méjèèjì, agbowó òde ni Jésù sọ pé a dá láre. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn ni ó jìnnà sí Ọlọ́run. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wà níwájú ni ó súnmọ́ ọn.

(d) Pétérù. Ó ń tẹ̀ lé Olúwa, ṣùgbọ́n lókèèrè. Ẹ̀rù ni ó fà á. Kò fẹ́ fi Jésù sílẹ̀, kò sì fẹ́ kí a rí òun pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀ lé Olúwa báyìí, ìdí iná àwọn ọ̀tá ni yóò ti yáná. Níbẹ̀ ni Pétérù ti sẹ́ Olúwa rẹ̀ nígbà mẹ́ta. Ẹ̀yin ará, òkèèrè ti Pétérù ni ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwa tí a ti pẹ́ nínú ìjọ. A ń san ìdámẹ́wàá, a kì í pa ọjọ́ Ìkórè jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ oyè bá dé, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí pé ti Jésù ni wá.

3. ÒGIRI TÍ Ó WÓ

Ní tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù, ògiri kékeré kan wà tí ẹni tí kì í ṣe Júù kò gbọdọ̀ kọjá. Ní 1871, a rí òkúta kan ní ìlú náà tí a fi èdè Gíríìkì kọ ìkìlọ̀ yìí sí: ikú ni èrè àlejò tí ó bá kọjá. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí ní Éfésù. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ti ṣe ohun tí ẹsẹ̀ wọn kò lè ṣe: ó ti sọ àlejò di ará ilé.

Ẹ wo ẹni tí ó ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì wa. Ní 1821 ni a kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣóògùn. Ní 1822, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, a sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1848 ìyá náà gba ìrìbọmi. Ẹni tí ó ti jẹ ìyà òkèèrè ni Ọlọ́run lò láti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ súnmọ́ wa, títí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní 1884. Ará òkèèrè ni T. J. Bowen ti ìjọ Onítẹ̀bọmi náà, ẹni tí ó ti Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850. Ó kọ́ èdè wa débi pé ìwé gírámà àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ jáde ní 1858.

Àwa ará Ìṣùà ńkọ́? Èdè tí a ń sọ nínú ilé, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Uhami, mọ̀lẹ́bí èdè Ẹ̀dó ni. Èdè aládùúgbò ni a fi ń ka Bíbélì. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí ìhìnrere kò ti òkèèrè wá bá. Báwo ni àwa yóò ṣe tún mọ ògiri fún ẹlòmíràn?

4. ÌFISÍLÒ

Ẹ mú ìwé orúkọ kíláàsì yín. Orúkọ wo ni akọ̀wé ń pè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń dáhùn pé, "Kò wá"? Bóyá arábìnrin kan tilẹ̀ wà tí ìjọ bá wí. Ọjọ́ ìbáwí ti pé, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jókòó ní bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé, "Máa bọ̀ níwájú." Ẹ má ṣe pe èyí ní ìrẹ̀lẹ̀ tirẹ̀, àìnífẹ̀ẹ́ tiwa ni. Bàbá inú ìtàn yẹn kò dúró di ìgbà tí ọmọ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Ìwọ tí o sì mọ̀ nínú ara rẹ pé ìwọ ni o jìnnà, ka Lúùkù 16:19-31. Ọkùnrin ọlọ́rọ̀ rí Ábúráhámù lókèèrè, ṣùgbọ́n kò sí afárá láàrin wọn mọ́. Òkèèrè ti òní ní ọ̀nà àbọ̀; ti ọjọ́ náà kò ní. Dìde, máa bọ̀ nílé. Bàbá ń wo ọ̀nà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó gbé olúkúlùkù nínú ẹni mẹ́ta yìí dé òkèèrè? Èwo nínú wọn ni ó jọ tìrẹ?
2. Kí ni a ń pe "òkèèrè" ní èdè ilé wa? Ǹjẹ́ a máa ń lò ó fún ọkàn ènìyàn?
3. Ta ni kíláàsì yìí yóò bẹ̀ wò kí Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé? Àwọn wo ni yóò lọ?