Ṣé Ẹni Tí Wọ́n Ràn Lọ́wọ́ Lè Bínú?

Yorùbá kì í fojú kékeré wo àìmoore. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré, kò sì sí ẹ̀sìn kan láàárín wa tó tako ẹ̀kọ́ náà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Hàítì fi rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2010, gbogbo ayé dáwó, wọ́n gbé oúnjẹ àti oògùn wọ ọkọ̀ òfuurufú, síbẹ̀ kò pẹ́ tí àwọn ará Port-au-Prince, olú ìlú Hàítì, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ ìbínú sára ògiri, tí wọ́n ń sọ òkúta lu ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Kí ló tún ń bí wọn nínú? Ẹ má jẹ́ ká fi ìbéèrè yìí ṣeré, nítorí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ju Hàítì lọ. Ṣé ẹ̀bùn ni ìrànwọ́ tí a ń ṣe fún ẹni tí àjálù bá, àbí gbèsè? Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn, ọpẹ́ ló kàn. Bó bá jẹ́ gbèsè, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìṣirò, kó sì gbóhùn sókè bí ìṣirò náà kò bá pé. Lójú tèmi, ìṣirò ni àwọn ará Hàítì ń béèrè, wọ́n sì jàre.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kúrò lọ́nà, torí òun ni wọ́n tètè máa ń fi pa ẹni tó ń bínú lẹ́nu mọ́. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú méje ni ilẹ̀ mì ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní, nítòsí ìlú Léogâne, nǹkan bíi kìlómítà 25 sí ìwọ̀ oòrùn olú ìlú. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní goudougoudou, bí ariwo tí ilẹ̀ náà ṣe. Ààfin ààrẹ wó. Kàtídírà wó, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Joseph Serge Miot sì bá a lọ. Olú ilé iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Hàítì náà wó pa ọ̀gá wọn níbẹ̀, Hédi Annabi, àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Ìjọba Hàítì ní òkú lé ní 300,000. Àwọn olùṣèwádìí kan ní kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jiyàn pé àìmọye ènìyàn ni kò nílé mọ́. Lọ́jọ́ kejì, oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n ará Amẹ́ríkà kan, Pat Robertson, ní àwọn ará Hàítì ló bá èṣù dá májẹ̀mú kí wọ́n lè gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Ìpàdé Bois Caïman ló ń tọ́ka sí, níbi tí àwọn ẹrú ti mulẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1791 kí wọ́n tó dìde sí àwọn olówó wọn. Àwọn irúnmọlẹ̀ ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: Ogou wọn, Ògún ni, ìdílé kan nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn sì ń jẹ́ Nago títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ oníwàásù yẹn gbọ́, kó kọ́kọ́ ka Bíbélì tirẹ̀. Nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa ènìyàn 18, Jésù kọ̀ láti gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ló ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Nínú ìwé Jóòbù, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń gbèjà Ọlọ́run, tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí aláìsàn lọ́rùn, ni Ọlọ́run bá wí níkẹyìn. Jóòbù tó ti ń pariwo, tó ń pe Ọlọ́run lẹ́jọ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, òun ni Ọlọ́run ní ó sọ̀rọ̀ tó tọ́. Bí ìwé mímọ́ bá lè gba ìbínú sí Ọlọ́run láyè tó báyẹn, mi ò mọ bí a ṣe fẹ́ ka ìbínú sí àwọn òṣìṣẹ́ àjọ aṣèrànwọ́ léèwọ̀.

Ìyẹn kò tíì sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n bínú sí. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ààbọ̀ lẹ́yìn ti Hàítì, ilẹ̀ mì ní Chile, ó tó 8.8 lórí ìwọ̀n tí ti Hàítì ti jẹ́ 7.0, agbára rẹ̀ sì ju ti Hàítì lọ ní ọ̀nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Àwọn tó kú kò ju nǹkan bíi 525 lọ. Lóòótọ́, abẹ́ òkun ni ti Chile ti ṣẹlẹ̀, ti Hàítì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sáàárín ìlú, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò lè kó irú ìyàtọ̀ báyìí wá. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mì gidigidi ní Chile ní 1960 ni òfin ìkọ́lé ibẹ̀ ti le. Ní Port-au-Prince, ẹni tó bá rówó díẹ̀ á mọ búlọ́ọ̀kù tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tó, á gbé dẹ́kẹ̀ kọnkéré tó wúwo lé òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tí irin inú rẹ̀ kò ju bíi mélòó kan lọ, àwọn ọmọ á tún kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e bí ẹbí bá ṣe ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mì, dẹ́kẹ̀ já lé dẹ́kẹ̀. Rousseau ọ̀mọ̀ràn ti sọ irú rẹ̀ fún òǹkọ̀wé Voltaire nínú lẹ́tà tó kọ sí i ní 1756, lẹ́yìn tí ìmìtìtì ilẹ̀ ba Lisbon jẹ́ lọ́jọ́ Àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́: pé kì í ṣe ilẹ̀ ló kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé alájà mẹ́fà méje jọ síbì kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá sọ pé àjálù jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run nìkan gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè ẹni tó kọ́lé àti ìdí tó fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí Hàítì fi kọ́lé bẹ́ẹ̀ gùn díẹ̀. Ní 1825, ọdún 21 lẹ́yìn òmìnira, Charles Kẹwàá ọba Faransé fi ọkọ̀ ogun ránṣẹ́, ó ní kí àwọn tó ti jẹ́ ẹrú lánàá san 150 mílíọ̀nù fráǹkì fún àwọn tó ti ní wọn. Wọ́n dín in sí 90 mílíọ̀nù ní 1838. Nítorí owó yìí ni Hàítì ṣe yáwó lọ́wọ́ àwọn báńkì, kò sì bọ́ lọ́wọ́ gbèsè tí èyí bí títí di 1947. Owó tó yẹ kó kọ́ ilé ìwé àti ojú ọ̀nà ló ń wọkọ̀ ojú omi lọ. Nígbà tó tún di 1995, wọ́n sún ìjọba Hàítì láti dín owó bodè ìrẹsì òkèèrè kù sí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìrẹsì Amẹ́ríkà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ìrẹsì Miami, gba ọjà, àgbẹ̀ agbègbè Artibonite kò rọ́wọ́ mú mọ́, ọmọ àgbẹ̀ sì kó wá sí olú ìlú, sínú ilé búlọ́ọ̀kù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bill Clinton, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ Sẹ́nétọ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2010 pé àṣìṣe ni.

Ìwọ̀nyí ni mo rò pé ọ̀mọ̀ràn Peter Singer fò nínú àròkọ tó kọ ní 1972 lórí ebi tó ń pa àwọn ará Bengal. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá rí ọmọ kékeré tó ń rì sínú adágún omi, ojúṣe rẹ̀ ni láti gbà á là, kò sì sí ẹni tó máa pe aṣọ tó tutù ní àwáwí. Mo gbà fún un, ó sì ṣe ayé lóore tó fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ inú adágún Singer kì í sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń fà á, bóyá apá rẹ̀ ni wọ́n ń ká. Ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ẹni tó gbẹ́ adágún náà sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí olùgbàlà bá wà lára àwọn tó gbẹ́ ẹ, ohun tó ń ṣe ti ju oore lọ. Ó ń san ohun tó jẹ ni.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe san án. Nítòsí pápákọ̀ òfuurufú Port-au-Prince ni ibùdó Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wà, ibẹ̀ sì ni àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ti ń ṣe ìpàdé lórí omi, àgọ́ àti ìlera. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìpàdé náà, ní ilẹ̀ tí Kréyòl àti Faransé ti jẹ́ èdè ìlú. Ọmọ Hàítì tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àdúgbò, tó mọ ilé tí ìyá arúgbó wà àti ibi tí kànga wà, bí kò bá ní káàdì ìdánimọ̀ tó yẹ, ẹnu géètì ló máa dúró sí. Owó náà gba ọ̀nà kan náà. Nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 dọ́là tí wọ́n kà sí ìrànwọ́ pàjáwìrì, nǹkan bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ló dé ọwọ́ ìjọba Hàítì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, àwọn akọ̀ròyìn ProPublica àti NPR gbé ìwádìí kan jáde pé Red Cross ti Amẹ́ríkà kó nǹkan bí ìdajì bílíọ̀nù dọ́là jọ fún Hàítì, tí ilé tuntun tó kọ́ sì jẹ́ mẹ́fà. Àjọ náà dáhùn pé òun fi owó tún ilé àwọn kan ṣe, òun gba ilé fún àwọn mìíràn, àti pé àwọn tí òun ràn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé lé ní 100,000. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé ará Amẹ́ríkà ló béèrè, ará Amẹ́ríkà ni wọ́n sì dá lóhùn. Ẹni tó ń sùn lábẹ́ tapólì ní Port-au-Prince kò ní ọ́fíìsì tó lè wọ̀ kó ní kí wọ́n ṣí ìwé owó náà fún òun.

Ọ̀rọ̀ onígbáméjì ló wá ba ohun gbogbo jẹ́. Kò sí àkọsílẹ̀ àìsàn náà ní Hàítì fún ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010 ó bẹ́ sílẹ̀ létí odò Artibonite, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sì tọpa rẹ̀ dé àgọ́ àwọn ọmọ ogun Nẹ̀páàlì tó wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní Meille lẹ́bàá Mirebalais. Ìgbẹ́ àgọ́ náà ń ṣàn wọ odò kékeré, odò kékeré ń ṣàn wọ odò ńlá tí wọ́n ti ń pọnmi, tí wọ́n ti ń wẹ̀, tí wọ́n fi ń bomi rin oko ìrẹsì. Ó pa nǹkan bíi 10,000 ènìyàn, ó sì dá àwọn tó lé ní 800,000 wó. Nígbà tí àwọn ẹbí òkú béèrè owó ìtánràn, Àjọ náà fèsì ní 2013 pé òun kò ní gba ẹ̀sùn náà wọlé, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà sì sọ lẹ́yìn náà pé òfin kò gbà kí wọ́n pè é lẹ́jọ́. Yorùbá ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mi ò tíì rí ibi tí òwe náà ti bọ́ sí ojú rẹ̀ gan-an tó báyìí. Àwọn ará Hàítì náà ní tiwọn: Bay kou bliye, pote mak sonje, ẹni tó lù ni ń gbàgbé, ẹni tí àpá wà lára rẹ̀ ń rántí.

Àwọn alátakò á ní ìjọba Hàítì fúnra rẹ̀ ń jẹ owó jẹun, àti pé ẹni tó bá kó bílíọ̀nù lé e lọ́wọ́ kò gbọ́n. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Hàítì ló kọ́kọ́ mọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, oníṣẹ́ fíìmù kan, Gilbert Mirambeau, fi aṣọ di ara rẹ̀ lójú, ó gbé páálí kan dání tó kọ ìbéèrè sí: Kot kòb Petwo Karibe a? Owó Petrocaribe dà? Owó epo tí Fẹnẹsúélà yá wọn ló ń wí, tó lọ sọ́wọ́ ìjọba tiwọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti bọ́ sí ìgboro pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn òyìnbó ni wọ́n bi ọmọ bíbí inú wọn, kò sì sẹ́ni tó pe èyí ní àìmoore.

Àtakò kejì ló nira jù fún mi. Wọ́n ní bí a bá ń bá aṣèrànwọ́ wí, ọwọ́ á ká, ẹni tí àjálù kàn lọ́la ló máa jìyà rẹ̀. Ẹni tó fi fóònù rẹ̀ fi dọ́là mẹ́wàá ránṣẹ́ lóṣù Kìíní yẹn kò jẹ Hàítì ní nǹkan kan tó mọ̀ sí. Àánú ló ṣe é, ọpẹ́ tọ́ sí i. Ọpẹ́ tọ́ sí àwọn dókítà Kúbà náà, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mì, tí wọ́n sì dúró ti àwọn tí onígbáméjì ń ṣe. Mi ò rí ẹni tó ń sọ òkúta lu irú wọn. Àmọ́ kété tí dọ́là mẹ́wàá náà ti bọ́ sọ́wọ́ àjọ, kì í ṣe ti àjọ; ìríjú lásán ni wọ́n, a sì ń bi ìríjú léèrè láìbínú sí ẹni tó fi nǹkan rán an. Kùránì lọ jìnnà ju èyí lọ: ó ní nínú ohun ìní olódodo, ẹ̀tọ́ wà fún ẹni tó ń tọrọ àti ẹni tí kò rí, ó sì kìlọ̀ pé kí a má fi ìrégún ba sàárà jẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀tọ́, kì í yí padà nítorí pé ẹni tó ni ín fa ojú ro. Àwọn bàbá wa náà ní bí a bá ṣoore tí a lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ẹni tó ń dúró de ọpẹ́ lẹ́nu géètì ibùdó rẹ̀ ti lóṣòó.

Ban Ki-moon, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, tọrọ àforíjì ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2016, níwájú gbogbo orílẹ̀-èdè, ó tilẹ̀ fi èdè Kréyòl bẹ̀rẹ̀. Ó kéde 400 mílíọ̀nù dọ́là láti gbógun ti onígbáméjì àti láti ran àwọn ẹbí òkú lọ́wọ́. Àmọ́ wọn kò fi í sínú ìnáwó tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ san. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ dá a. Ohun tó tẹ̀lé e kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu: lẹ́yìn ọdún méjì, owó tó wọlé kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Báyìí ni wọ́n ṣe sọ owó ìtánràn tí wọ́n jẹ di sàárà, kí wọ́n lè tún máa retí ọpẹ́ lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àdéhùn tí Àjọ náà bá Hàítì ṣe ní 2004 lórí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti là á sílẹ̀ pé ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ wà tí ará ìlú lè gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ bá bí wọ́n bá pa á lára. Àwọn ọmọ ogun náà lo ọdún 13 ní Hàítì, wọ́n sì kó ẹrù wọn lọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017 láì yan ẹnì kan ṣoṣo sínú ìgbìmọ̀ yẹn.