Ohun Tí Ì Bá Ṣẹlẹ̀

Oríṣi "bí" méjì ló wà. Ọ̀kan ń sọ ohun tó ṣì lè ṣẹlẹ̀, èkejì ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe ni àwọn ará Spéìn fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. *Si tiene papeles, se queda*: bó bá níwèé, á dúró. *Si hubiera tenido papeles, se habría quedado*: ká ní ó níwèé ni, ì bá dúró, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Yorùbá kì í fọwọ́ kan ọ̀rọ̀-ìṣe rárá, "ká ní" àti "ì bá" ló ń ru ẹrù náà. Èyí tó le ju gírámà lọ ni pé: ṣé gbólóhùn kejì yìí lè jẹ́ òótọ́, nígbà tí kò sí nǹkan kan láyé tí a lè fi wò ó?

Ní Tamale, ní àríwá Gánà, ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹ̀dá alààyè rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àlejò tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Àwọn Yorùbá pọ̀ lọ́jà Tamale nígbà náà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ṣakí, ará Ìgbẹ́tì; Gánà ni wọ́n ti bí àwọn mìíràn nínú wọn. Ọjà tí wọ́n fọdún gbọọrọ kó jọ, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n tà á, wọ́n gba Tógò àti Dàhómì wálé. Ká ní wọ́n ti gbàwé. Ká ní ilé ni wọ́n fowó ọjà kọ́ sílé.

Hádíìsì kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, nínú àkójọ Ìmáámù Muslim kọ irú "ká ní" bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí nǹkan bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, torí ó ń ṣílẹ̀kùn fún Ṣàìtánì. Kí ó gbà pé kádàrá Ọlọ́run ni. Síbẹ̀, Ànábì fúnra rẹ̀ sọ ní Háàjì Ìdágbére pé ká ní òun ti mọ ohun tí òun wá mọ̀ lẹ́yìn ni, òun kì bá ti da ẹran ìrúbọ wá. Àbámọ̀ ni a kọ̀, a kò kọ gbólóhùn. Súrà kẹfà nínú Al-Kùránì tún sọ ohun tí àwọn ará iná ì bá ṣe bí a bá dá wọn padà sáyé: ohun tí a kọ̀ fún wọn náà ni. Ọlọ́run mọ bí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ì bá ṣe rí.

Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Ní 1588, Luis de Molina, àlùfáà Jesuit ọmọ Spéìn, tẹ ìwé *Concordia* jáde. Ó ní kí Ọlọ́run tó pinnu láti dá ayé ló ti mọ ohun tí olúkúlùkù ì bá fọwọ́ ara rẹ̀ yàn níbikíbi tí a bá fi í sí. Domingo Báñez, ọmọ Spéìn bíi tirẹ̀, ti ẹgbẹ́ Dominican, kò gbà: Ọlọ́run mọ̀ ọ́n torí Òun ló pinnu rẹ̀. Ìjà náà dé Róòmù. Ní 1607, Póòpù Paul Karùn-ún fòpin sí ìgbẹ́jọ́ láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Molina ti ń jò ni oníṣòwò Tamale tó níwèé, tí kò fìgbà kan wà. Molina ní òye Ọlọ́run jinlẹ̀ débi pé ó rí ìsàlẹ̀ ọkàn ẹ̀dá kí ẹ̀dá tó wà. Àwọn alátakò ní ọkàn tó bá lómìnira lóòótọ́, kò sí ìpinnu kankan nísàlẹ̀ rẹ̀ tí a lè tètè rí. Èsì yìí ṣòro láti bì ṣubú. Ẹni tó bá sì gbé gbogbo rẹ̀ fún kádàrá, ẹ̀gbẹ́ Báñez ló jókòó sí, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.