KUTUBA JÍMỌ̀: ÀṢÌṢE ÒṢÙWỌ̀N ÀTI Ẹ̀TỌ́ ỌMỌNÌKEJÌ

Láti ẹnu Igbákejì Ìmáàmù, Ìsàlẹ̀ Èkó

KUTUBA KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ohun gbogbo ní ìwọ̀n, tí ìwọ̀n Rẹ̀ kò sì yẹ̀ rí. A ń yìn Ín, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjì Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa ọ̀nà wọn títí di Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo ń sọ àsọọ́lẹ̀ ìpáyà Ọlọ́hun fún ara mi àti fún yín. Ọ̀rọ̀ wa ní Jímọ̀ òní dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò tún fọwọ́ kàn kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Òṣùwọ̀n ni. Ẹni tí ó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Òkè Àrìn ní kóńgò àti dẹ́ríkà. Ẹni tí ó ń ta aṣọ ní Balógun ní ọ̀pá yáàdì. Ẹlẹ́ran àti ẹlẹ́ja ní sìkéèlì. Alágbẹ̀dẹ wúrà náà ní tirẹ̀. Ẹni tí kò sì ta ohunkóhun nínú wa, òṣùwọ̀n ẹlòmíràn ni ó fi ń jẹun.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, Ọlọ́hun kò fi ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ṣe ọ̀rọ̀ ọjà lásán. Nínú Súrà 55, ibi tí Ó ti sọ̀rọ̀ nípa bí Ó ṣe gbé sánmọ̀ ga ni Ó ti dárúkọ òṣùwọ̀n, tí Ó sì kọ̀ fún wa láti kọjá ààlà níbẹ̀. Nínú Súrà 7 àti 11, nígbà tí Ànábì Shu'aib pe àwọn ará Madyan sí ìjọsìn Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo, ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n ni ohun tí ó mẹ́nu bà tẹ̀lé e. Súrà 83 sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀ ègbé fún àwọn tí ó máa ń gba ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ bí wọ́n bá ń rà, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń dín in kù bí wọ́n bá ń wọ̀n fún ẹlòmíràn. Ibn Abbas ròyìn pé nígbà tí Ànábì dé Mọdínà, àwọn ará ìlú náà wà lára àwọn tí ìwọ̀n wọn burú jù. Nígbà tí súrà yìí sọ̀kalẹ̀, wọ́n tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn wa: odidi ọjà ni ó yí padà, kì í ṣe ẹnì kan.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a dáhùn. Ṣé gbogbo òṣùwọ̀n tí kò pé ni ẹ̀ṣẹ̀? Kí ìdáhùn má baà rú wa lójú, ẹ jẹ́ kí a ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀.

Èkíní ni àṣìṣe tí kò sí ẹ̀dá tí ó lè bọ́ nínú rẹ̀. Bu kóńgò ìrẹsì kan ní ìgbà 10, kà á ní horo kọ̀ọ̀kan, iye rẹ̀ kò ní bára mu. Nígbà mìíràn yóò fi díẹ̀ lé, nígbà mìíràn yóò fi díẹ̀ dín. Kódà, irin kan wà ní ìlú Sèvres, lẹ́bàá Paris ní ilẹ̀ Faransé, tí gbogbo ayé fi ṣe ìpìlẹ̀ kílò láti ọdún 1889. Abẹ́ ìdérí gíláàsì ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fi í wé àwọn ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n rí i pé ìwọ̀n wọn ti yapa díẹ̀ sí ara wọn, ohun tí kò tó ìwúwo horo iyọ̀ kan. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n fi irin náà sílẹ̀, wọ́n sì gbé ìpìlẹ̀ kílò ka orí òfin ìṣẹ̀dá tí kì í yí padà. Bí irin tí a kò fi wọn ẹran rí bá lè yẹ̀, kí ni ti sìkéèlì Ìdúmọ̀tà? Ìdí nìyí tí Ọlọ́hun, Aláàánú, fi pàṣẹ nínú Súrà 6, āyà 152, pé kí a wọ̀n ní ẹ̀kún pẹ̀lú déédéé, tí Ó sì sọ tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀ pé Òun kò di ẹrù tí ó ju agbára ẹ̀mí lọ rù ú. Àṣìṣe tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí o ti sa ipá rẹ, Ọlọ́hun kò ní bi ọ́ léèrè rẹ̀.

Èkejì ni àṣìṣe tí ó dúró sí apá kan. Ẹlòmíràn á fọwọ́ sọ̀yà pé, "Sìkéèlì tèmi kì í yí ohùn padà." Òótọ́ ni, kì í yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n òpùrọ́ tí kì í yí irọ́ rẹ̀ padà, òpùrọ́ náà ni. Kí òṣùwọ̀n máa sọ ohun kan náà nígbà gbogbo jẹ́ ọ̀tọ̀. Kí ohun tí ó ń sọ jẹ́ òtítọ́ jẹ́ ọ̀tọ̀. Àmì tí a fi ń mọ̀ wọ́n nìyí: àṣìṣe àkọ́kọ́ a máa tẹ̀ sí ọ̀tún, a máa tẹ̀ sí òsì, ẹ̀tọ́ oníbàárà kò sì sọnù síbẹ̀. Èkejì kì í tẹ̀ ju apá kan lọ, apá ẹni tí ó ni òṣùwọ̀n ni ó sì sábà máa ń jẹ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí sìkéèlì rẹ bá fi gíráàmù 50 dín lórí kílò kan, nínú kílò 20 tí o tà, kílò kan kò dé ọwọ́ àwọn tí ó sanwó rẹ̀. Bí o bá ń ta kílò 20 lójúmọ́, fún ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, kílò 312 nìyẹn lọ́dún. Ọ̀pá yáàdì tí a gé ínǹṣì kan kúrò lórí rẹ̀, nínú yáàdì 36 tí a fi wọ̀n, odidi yáàdì kan ni ó ti jẹ.

Ẹ̀kẹta ni ìrẹ́jẹ gan-an: kí a lu ìdí kóńgò wọ inú, kí a fi ike dí ìsàlẹ̀ dẹ́ríkà, kí a na aṣọ lórí ọ̀pá. Èyí kò nílò àlàyé. Ẹni tí ó ń ṣe é mọ̀.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, àárín èkejì àti ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ wa wà. A kò lu ìdí kóńgò. A rà á bẹ́ẹ̀ ni. Sìkéèlì náà ti pẹ́, sípíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti mú un dípẹtà. A fura pé kò tọ́, ṣùgbọ́n a kò yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí a mọ̀ pé bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò, a ó pàdánù. Lọ́jọ́ tí o ti fura, tí o sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò nítorí èrè tí ó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní àṣìṣe, ó ti di yíyàn.

Ẹ gbọ́ bí àwọn aṣíwájú wa ṣe ṣe é. Abu Yusuf, ọmọlẹ́yìn Ìmáàmù Abu Hanifah, ẹni tí ó jẹ́ adájọ́ àgbà ní ayé kálífà Harun ar-Rashid, dé Mọdínà. Ní Ìráàkì tí ó ti wá, rátílì 8 ni wọ́n ń ka sáà'ì Ànábì sí, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń yọ Sàkátul-Fitri. Ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará Mọdínà. Ní ọjọ́ kejì, bí àgbàlagbà 50, ọmọ àwọn sàábé, wá bá a, oníkálukú wọn pẹ̀lú sáà'ì tí ó jogún lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Ó fi wọ́n wé ara wọn, wọ́n bára dọ́gba. Ó wọ̀n wọ́n, ó rí rátílì 5 àti ìdá kan nínú mẹ́ta, pẹ̀lú àìpé kékeré kan. Kò ṣe agídí, kò ní "báyìí ni ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi." Ó fi ọ̀rọ̀ Abu Hanifah sílẹ̀ lórí èyí, ó sì gba ti Ìmáàmù Màlík. Àìpé kékeré yẹn kò dí i lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ ńlá yẹn ni kò jẹ́ kí ó dúró sórí ohun tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ń sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjì Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjì Rẹ̀, dájúdájú Aláforíjì, Aláàánú ni.

KUTUBA KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ìgẹ̀ kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, àwọn oníṣòwò wa yóò sọ pé: "Alfa, kóńgò yìí ni gbogbo ọjà ń lò. Bí mo bá mú odidi wá, gbèsè ni n ó jẹ." Ọ̀rọ̀ náà wúwo, kò yẹ kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé Ọlọ́hun kò kọ̀ fún ọ láti jèrè. Bí ọjà bá wọ́n, fi kún owó rẹ̀. Má fi ìdí kóńgò gba owó náà. Kò sí èèwọ̀ nínú kí igbá kéré, bí olùrà bá mọ̀ pé ó kéré. Èèwọ̀ ni kí igbá kéré, kí orúkọ rẹ̀ tún máa jẹ́ odidi. Ní ọ̀nà Ìmáàmù Màlík tí à ń tọ̀, ó tọ́ láti ta òkìtì oúnjẹ tí a kò wọ̀n, tí olùtà àti olùrà jọ fojú rí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá mọ iye rẹ̀, tí ó sì fi pamọ́ fún èkejì, ẹni tí a fi pamọ́ fún ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà náà padà. Ìmọ̀ tí a fi pamọ́ ni ó ba ọjà jẹ́.

Olùrà náà, páyà Ọlọ́hun. Má ṣe lọ fi agbọ̀n ńlá ra ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀ l'óko, kí o wá fi kékeré tà á l'Ékòó, kí o sì pe méjèèjì ní orúkọ kan.

Kí olúkúlùkù wa yẹ òṣùwọ̀n rẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Kò le. Rí i pé abẹ́rẹ́ sìkéèlì dúró lórí òdo nígbà tí kò sí ẹrù. Gbé ẹrù kan náà lé e ní ìgbà mẹ́ta, kí o wò ó bóyá ohùn rẹ̀ ṣọ̀kan. Lẹ́yìn náà, gbé ohun tí o mọ ìwọ̀n rẹ̀ dájú lé e: omi lítà kan wúwo tó nǹkan bíi kílò kan, bí o bá ti yọ ìwúwo ike rẹ̀ kúrò. Mú kóńgò rẹ lọ bá ti aládùúgbò rẹ, bí àwọn ọmọ sàábé ti ṣe. Ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú ní òfin ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n, ó sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń yẹ òṣùwọ̀n ọjà wò. Ẹ má ṣe sá fún wọn. Bí iyè méjì bá sì kù, Ànábì wa pàṣẹ fún ẹni tí ó ń wọ̀n pé kí ó jẹ́ kí òṣùwọ̀n tẹ̀ sí apá ẹni tí a ń wọ̀n fún.

Bí o bá yẹ̀ ẹ́ wò, tí o rí i pé ó ti ń jẹ ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn, tún un ṣe lónìí. Ẹni tí o bá mọ̀ nínú wọn, dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà. Ẹni tí o kò mọ̀ mọ́, àwọn onímímọ̀ sọ pé kí o fi iye rẹ̀ ṣe sàráà ní orúkọ rẹ̀.

Ẹ rántí Sàkátul-Fitri pẹ̀lú. Sáà'ì kan ni fún orí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tóbi, tí kò kéré, lọ́nà mẹ́rin. Bí a bá fi kóńgò tí a lù ní ìdí yọ ọ́, tálákà Ìsàlẹ̀ Èkó ni a rẹ́ jẹ, nínú ìjọsìn wa gan-an.

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ náà ń bọ̀, tí a ó gbé iṣẹ́ tiwa náà lé òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n tí kò ní àṣìṣe.

Ìwọ Ọlọ́hun wa, fún wa ní haláàlì tí yóò tó wa. Fi àlùbáríkà sí ọjà wa. Dárí àṣìṣe tí a kò mọ̀ jì wá, kí O sì fún wa ní ìgboyà láti tún èyí tí a mọ̀ ṣe. Tẹ́ òṣùwọ̀n iṣẹ́ rere wa wúwo lọ́jọ́ tí a ó bá Ọ pàdé. Fi ọkàn balẹ̀ fún Èkó àti gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Àmín.

Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí a kírun.