Ta Ló Wà Lókè Àjà? Ohun tí Ogbègúndá Kọ́ Wa Nípa Ìtọ́jú Ọkàn

Bí ìdààmú ọkàn bá bá ẹnìkan ládùúgbò, ẹ ó gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé, "Bó ṣe yàn án lọ́run nìyẹn." Ẹlòmíì á ní àyànmọ́ ò gbóògùn. Lẹ́yìn náà, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi padà síbi tí Ifá ti sọ̀rọ̀ nípa orí yíyàn gan-an, kí n lè mọ̀ bóyá Ifá ló ní ká fi ẹni tórí ń dà láàmú sílẹ̀.

Inú odù Ogbègúndá ni ìtàn ọ̀hún wà. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti òde ọ̀run bọ̀ wáyé: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ń lọ sílé Àjàlá tó ń fi amọ̀ mọ orí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má yà síbì kankan. Àwọn méjì gbọ́ràn, wọ́n lọ tààrà. Wọn ò bá Àjàlá, wọ́n mú orí tó wù wọ́n lójú, wọ́n gbé e wọ̀. Òjò ká wọn mọ́nà. Orí ọ̀kan ò jiná, ti èkejì ti sán, ni òjò bá ń ṣí wọn dànù díẹ̀díẹ̀.

Afùwàpẹ́ ní tòun, òun ò lè kọjá láì fojú kan bàbá òun. Ó yà. Àwọn babaláwo dífá, wọ́n ní kí wọ́n fi owó àti iyọ̀ rúbọ, wọ́n sì bù nínú ẹ̀ fún un mú dání. Lọ́nà, ó bá oníbodè kan tó ń bu eérú sọ́bẹ̀ bí ẹní ń bu iyọ̀. Afùwàpẹ́ fún un ní iyọ̀. Oníbodè tọ́ ọ wò, inú rẹ̀ dùn, ló bá tú àṣírí Àjàlá: onígbèsè ni, bó bá ti gbóhùn olówó, òkè àjà ló ń sá sí. Nígbà tí Afùwàpẹ́ débẹ̀, ó san gbèsè náà, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀pá irin lu àwọn orí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bá a mú èyí tó le dáadáa. Òjò pa Afùwàpẹ́ náà lọ́nà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ò yẹ̀.

Ifá ò ní àyànmọ́ ò sí. Ohun tó fi hàn wá ni pé ilé ẹlòmíì ni ọ̀nà orí rere gbà kọjá.

Yíyà ló ṣáájú. Àwa ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n kí, ṣùgbọ́n ìkíni wa ti ń yá jù. "Ṣé dáadáa ni?" "A dúpẹ́." Ẹni tí kò sùn láti ìjẹta náà á ní òun dúpẹ́. Ẹni tó bá yà, tó fìdí lélẹ̀, tó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, òun ló máa gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn "a dúpẹ́".

Iyọ̀ ló tẹ̀ lé e. Oníbodè yẹn ti jẹ eérú pẹ́ débi tó fi sọ ọ́ di oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ìbànújẹ́ rí: bó bá ti pẹ́ lára, ẹni tó ń jẹ ẹ́ ò ní mọ̀ pé ayé ládùn míì mọ́. Afùwàpẹ́ ò fi í ṣẹ̀sín, kò sì wàásù fún un. Aláṣọ kan wà ládùúgbò wa, ọkọ rẹ̀ kú, ó ti ṣọ́ọ̀bù, kò jáde mọ́. Ní àràárọ̀, ìyá alákàrà òdìkejì títì á rán ọmọ sí i pẹ̀lú àkàrà àti ẹ̀kọ, á sì kì í nílọ̀ pé, "O ò gbọdọ̀ padà láìgba abọ́ mi lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀." Abọ́ yẹn ni ọgbọ́n ibẹ̀. Kò sí òwúrọ̀ kan tí ojú èèyàn ò ní kan ojú aláṣọ.

Ti gbèsè ló wá jẹ́ gbankọgbì. Àjàlá tó ń mọ orí fún gbogbo ayé, òun náà ló sá sókè àjà! Tíṣà, nọ́ọ̀sì, pásítọ̀, babaláwo, ìyá tí gbogbo ilé gbójú lé, àwọn tó ń tún ti ẹlòmíì ṣe, ta ló ń wo òkè àjà tiwọn? Lóde òní, fóònù tí wọ́n pa ni òkè àjà. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀tẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí onígbèsè mọ̀, ojú á sì tì í wọlé. Afùwàpẹ́ ò ní kí Àjàlá mọ́kàn le, owó ló kà sílẹ̀. Bí a ò bá lè san án tán, ẹgbẹ́ àjọ lè jẹ́ kó kó tiẹ̀ ṣáájú, ẹnìkan sì lè bá a lọ bẹ olówó.

Ohun tó fara jọ èyí ni Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tó wà ní Àrò ní 1954. Àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé, ẹbí kan sì gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ, kó máa fọṣọ, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ó ké sí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ó dunni pé Àrò yìí náà la wá sọ di èébú lẹ́nu.

Síbẹ̀, iyọ̀ kì í ṣe oògùn. Bí ẹnìkan bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tàbí tó ń sọ pé ikú yá òun ju ẹ̀sín lọ, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín, kò dá ṣe é: àwọn babaláwo ló dífá nílé rẹ̀.

Ní ti aláṣọ wa, láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ ló gbé abọ́ sọdá títì. Ó ní iyọ̀ àkàrà àná ti pọ̀ jù. Ìyá alákàrà ní látọjọ́ tóun ti ń dín àkàrà, òun ò tíì gbọ́ ẹ̀sùn tó dùn mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀.